Oògùn Wo Ló Máa Pa Á?

Ẹ jẹ́ n ti ìbẹ̀rẹ̀ sọ ọ́: èmi Àmúdàtù, èmi kì í tètè gba èèyàn gbọ́. Epo ẹ́ńjìnì ni mò ń tà ní Ládìpọ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ tajà ní Ládìpọ̀ tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń fura, kó yáa lọ máa ta omi tútù. Wọ́n á gbé epo tí wọ́n ti lò rí wá fún ẹ, wọ́n á ti sẹ́ ẹ, wọ́n á ti dé e padà, ìdérí ẹ̀ á máa dán gbinrin, wọ́n á wá máa fi Ọlọ́run búra pé bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá nìyẹn. Èmi á ṣí i, màá ta á sáàárín ìka méjì, màá gbóòórùn ẹ̀, màá ní, "Gbé e padà síbi tó o ti gbé e wá, ọmọ olè." Ìfura loògùn àgbà. Bí ìyá mi ṣe tọ́ mi ní Múṣín nìyẹn.

Taoheed ọkọ mi, pánẹ́ẹ̀lì-bítà ni. Mọ́tò tó bá forí sọ nǹkan, tí ara ẹ̀ rún, òun ni wọ́n ń gbé e wá fún. Gbogbo èèyàn ló lè fi òòlù lu irin, àmọ́ iṣẹ́ Taoheed kò sí nínú òòlù. Inú ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ ló wà. Tó bá lu irin tán, á di ojú, á fi ìka yẹn rìn lórí ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń wá òkúta nínú ẹ̀wà. Á ní, "Ó ṣì gbé níbí." Èmi tí mo la ojú méjèèjì sílẹ̀, mi ò ní rí nǹkan kan. Ó máa ń sọ pé ojú máa ń purọ́, pé ìka òun kì í purọ́. Ìka yẹn ló fi fẹ́ mi, ìka yẹn náà ló fi ń bọ́ Aneesah ọmọ wa.

Ẹ wá wo iṣẹ́ ayé, ìdí ìka yẹn gan-an ni etí fẹ́ńdà kan tó ya ti gé e. Ó fi àkísà di í, ó ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Nígbà tó délé, mo tú u, mo fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, mo wá mú kápúsù pupa-àti-yẹ́lò mi jáde. Ẹ ò lè bá mi níbi kankan kẹ́ ẹ má bá a nínú báàgì mi, inú agolo mílíìkì kékeré kan ni mò ń kó o sí. Inú ń run ọmọ? Kápúsù. Eyín ń dun ìyá arúgbó? Kápúsù. Ikọ́, eéwo, nǹkan obìnrin? Kápúsù náà ni. Gbogbo ojúlé wa ló mọ̀ mí mọ́ ọn. Tí ara bá ti fúyẹ́, màá ní kí wọ́n dá a dúró, torí oògùn kì í ṣe oúnjẹ. Mo já ọ̀kan, mo da ìyẹ̀fun inú ẹ̀ sójú ọgbẹ́ Taoheed, mo fún un ní méjì gbé mì. Ó sàn. Ó tún wú. Mo tún fún un. Ó tún sàn díẹ̀. Nígbà tó yá, kò sàn mọ́.

Ọwọ́ wú títí ó fi dà bíi búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sómi. Ibà dé sí i, ó ń gbọ̀n, ó ń sọ ìsọkúsọ. Àǹtí Ameenah, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin, ló fariga pé àfi ká gbé e lọ sí ọsibítù. A gbé e lọ sí ọ̀kan ní Sùúrùlérè.

Dókítà tó bọ́ sí wa lọ́wọ́, ọmọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, Jeremy lorúkọ ẹ̀. Ìyá ẹ̀ ni Yorùbá, bàbá ẹ̀ kì í ṣe Yorùbá, gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi tọ́ ọ nílé. Ó wá ń fi tipátipá kọ́ Yorùbá lára àwa aláìsàn. Níbi tó yẹ kí ohùn ẹ̀ sọ̀, ibẹ̀ ló ti máa gòkè. Ó yẹ ọwọ́ Taoheed wò, ó mi orí, ó ní, "Mà, oyún wà níbẹ̀. Oyún yẹn pọ̀ gan-an."

Àǹtí Ameenah ní, "Kí ló wà níbẹ̀?"

Mo ní, "Ó ní àbúrò yín lóyún sọ́wọ́."

A rẹ́rìn-ín títí, àfi Taoheed tó ń gbọ̀n. Ọyún ni ọmọ ọlọ́mọ fẹ́ pè.

Ẹ̀rín yẹn ò dé ibì kan. Wọ́n la ọwọ́ náà, ọyún tú jáde, dókítà wá fi òwú orí igi kan ra nínú ẹ̀, ó tì í bọ inú ìgò tóóró kan, ó dé e pa, ó kọ orúkọ ọkọ mi sí i lára. Ojú mi ò kúrò lára ẹ̀.

Mo ní, "Dókítà, kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

Ó ní, "A fẹ́ gbé e lọ Yábà, Mà. A máa gbìn ín."

"Ẹ máa kí ni?"

"A máa gbìn ín sínú awo. Tó bá hù, a máa mọ orúkọ ẹ̀. Lẹ́yìn náà, a máa fi oògùn yí i ká, ká wá wo oògùn tó máa pa á."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yẹn yẹ̀ wò. Nǹkan tó jáde lára ọkọ mi, wọ́n fẹ́ gbìn ín. Sínú awo! Wọ́n fẹ́ mọ orúkọ ẹ̀. Wọ́n fẹ́ fi oògùn yí i ká, wọ́n sì fẹ́ wá èyí tó máa pa á. Ìyá mi tó bí mi, tó bá gé èékánná, á ṣà á jọ, kò ní fi ọ̀kan sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Èmi ọmọ ẹ̀ wá dúró, mò ń wo ẹni tó ń fi ìgò gbé ara ọkọ mi lọ, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí mi.

Ẹ máa sọ pé ṣebí ọmọ yẹn ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ ni, ṣebí òun náà ló pe ọyún ní oyún. Mo mọ̀. Àmọ́ ẹni tó ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ìgbà mìíràn wà tó máa ń ṣèèṣì sọ òótọ́.

Mo bi í pé kí ló dé tí wọn ò kàn fún un lóògùn tó dáa jù. Ó ní àwọn ti ń fún un ní ọ̀kan nínú omi tó ń kán sí i lára, àmọ́ pé àwọn ń méfò ni títí àwọn á fi mọ èyí tó bá ọ̀rọ̀ náà mu. Dókítà tó ń méfò! Èmi tí mo jẹ́ ìyá elépo, tí mọ́tò bá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, màá béèrè irú ẹ́ńjìnì tó gbé kí n tó na ọwọ́ sí epo kankan. Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún mi pé tí èyí tí àwọn ń fún un ò bá ṣiṣẹ́, tí ìdọ̀tí yẹn bá rìn wọ inú iṣan, àwọn lè ní láti gé ìka náà, kí àwọn lè rí ọwọ́ tó kù dá sí.

Ìka yẹn, ìka Taoheed! Mo ní, "Ọlọ́run ò ní jẹ́." Ó ní, "Àmín, Mà." Àmín yẹn gan-an, mi ò fẹ́ràn bó ṣe ṣe é.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ wọn. Nọ́ọ̀sì bá wọlé, màá wo ọwọ́ ẹ̀ kí n tó wo ojú ẹ̀. Wọ́n fa kọ́tìnì, màá fà á padà. Bàbá kan wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì tó máa ń kí mi, mo jí láàárọ̀, bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ ṣófo. Mo bi nọ́ọ̀sì pé bàbá dà, ó ní wọ́n ti lọ sílé. Mo ní, "Ilé wo?" Ó wò mí bí ẹni wo wèrè. Kò sì dá mi lóhùn o, ẹ kíyè sí i.

Taoheed ò sàn. Wíwú yẹn ń gun apá ẹ̀ bọ̀ lókè, ibà ò lọ. Tí wọ́n bá bi í ní nǹkan, á ní, "Ẹ bi Àmúdà. Nǹkan tó bá fọwọ́ sí ni mo fọwọ́ sí. Òun ló mọ ayédèrú."

Ọ̀sán ọjọ́ tí mò ń wí yìí, mò ń bọ̀ láti ibi tí mo ti lọ ṣàlùwàlá, mo wá gbọ́ ohùn Dókítà Jeremy nínú yàrá kékeré kan. Ó gbé fóònù ẹ̀ sórí tábìlì, ohùn obìnrin kan ń jáde nínú ẹ̀ ketekete. Obìnrin yẹn ní tiẹ̀, Yorùbá ẹ̀ mọ́ bí omi. Mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé òun ló ń kọ́ dókítà ní Yorùbá, tó ní tó bá fi gẹ̀ẹ́sì pe òun, òun ò ní dáhùn. Àmọ́ mi ò tíì mọ̀ nígbà yẹn. Mo fara ti ògiri.

Obìnrin náà ní, "Ti Taoheed ti hù o. Ó hù dáadáa."

"Ó hù nínú awo," dókítà tún un sọ, inú ẹ̀ ń dùn.

"Oògùn tó ń lò látilé, kò rí i gbé ṣe rárá. Èyí tí ẹ̀yin náà ń fún un níbẹ̀, ó kàn ń fi wọ́n ṣẹ̀rín ni. Àmọ́ mo ti rí èyí tó pa á. Ó pa á pátápátá."

"Ó pa á! Àǹtí, ẹ ṣeun. Mo máa fún un báyìí báyìí."

"Mi ò tíì sè é o, tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ wá wò ó. Ọ̀la ni mo fẹ́ sè é."

Wọ́n ti gbin ọkọ mi, ó ti hù, wọ́n ti rí oògùn tó máa pa á, ó wá ku kí wọ́n sè é! Mo sáré wọ wọ́ọ̀dù. Mi ò tíì jókòó tí dókítà fi wọlé, síríńjì lọ́wọ́, eyín níta.

Ó ní, "Ìyá Aneesah, ẹ bá wa yọ̀! A ti rí oògùn tó máa pa á!"

Mo na apá mi méjèèjì lé ọkọ mi lórí. Mo ní, "Kò sẹ́ni tó máa pa á lójú mi. Ìwọ ọmọ yìí, ìyá ẹ ni wàá kọ́kọ́ pa."

Ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀. Ó ní, "Rárá, Mà, kì í ṣe òun. Kòkòrò ni."

"Ta lò ń pè ní kòkòrò?"

Nọ́ọ̀sì dá sí i, ó dà á rú sí i. Dókítà bọ́ sórí gẹ̀ẹ́sì, mo ní kó má sọ gẹ̀ẹ́sì sí mi, ẹni tó mọ awo pè lè sọ èyí tó kù. Gbogbo wọ́ọ̀dù ń wò wá. Ó nu ojú ẹ̀, ó ní, "Mà, ẹ lọ wò ó fúnra yín. Yábà ò jìnnà. Àmọ́ ẹ jẹ́ n fún un ní abẹ́rẹ́ yìí kẹ́ ẹ tó lọ. Mo bẹ̀ yín. Ìka yẹn ò lè dúró."

Ojú ẹ̀ pọ́n. Èmi rò pé ojú ọdẹ tí ẹran fẹ́ bọ́ mọ́ lọ́wọ́ ni. Mo ní kò ní gbà á títí màá fi rí i.

Mo fa Àǹtí Ameenah sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo sọ gbogbo nǹkan tí mo gbọ́ fún wọn. Tẹ̀súbáà bọ́ lọ́wọ́ wọn. Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ jókòó ti bẹ́ẹ̀dì yìí. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gún un lábẹ́rẹ́. Tí èmi fúnra mi bá pè yín lórí fóònù pé kẹ́ ẹ gbà, ẹ má gbà. Ẹ mọ bí ayé ṣe rí. Wọ́n lè fi nǹkan kàn mí tí màá fi máa sọ tiwọn."

Wọ́n ní, "Àmúdàtù, o ò lè kọ́ mi nìyẹn."

Yàrá àyẹ̀wò náà wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí kò jìnnà sí Tejúoṣó. Mo ti ń retí aṣọ pupa lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò rí aṣọ pupa. Táìsì funfun ni mo rí, àti fíríìjì, àti òórùn kan bíi ti ọbẹ̀ tó ti kan. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan jáde wá, ó wọ aṣọ funfun lé aṣọ, ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

Ó ní, "Ẹ káàsán, Mà. Mojísọ́lá ni mí. Ṣé ẹ̀yin ni ìyàwó Ẹ̀gbọ́n Taoheed?"

Mo mọ ohùn yẹn, òun ni ohùn inú fóònù. Mo ní, "Ta ló sọ orúkọ ọkọ mi fún ẹ?"

"Ó wà lára àwo ẹ̀, Mà."

Àwo. Ohùn ẹ̀ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ kó tó gbéra. Mo dúró.

Mo ní, "Tún un pè."

"Kí ni, Mà?"

"Ibi tẹ́ ẹ gbìn ín sí."

"Àwo, Mà. Àwo báyìí." Ó gbé nǹkan pẹrẹsẹ kan jáde, ó mọ́ gaara, kò ju ìdérí ìpara lọ. Mo jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kí n jókòó.

Ẹ má rò pé mo gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀ o. Mo ní kó ṣí i, ó ní wọn kì í ṣí i, kí n wò ó láti òde. Mo gbé e sí ìmọ́lẹ̀ wíńdò bí mo ṣe ń gbé epo sí i. Nǹkan kan ti bo gbogbo ojú ẹ̀, ó dà bí awọ orí ògì tó ti tutù. Bébà róbótó kéékèèké wà lórí ẹ̀, ó fi wọ́n sí yíká.

Mojísọ́lá ní, "Kòkòrò tó wà nínú ọyún ọwọ́ wọn ló hù yìí. Bébà kọ̀ọ̀kan ní oògùn tiẹ̀. Níbi tí oògùn bá ti pa kòkòrò, ẹ máa rí i pé ibẹ̀ mọ́. Níbi tí kò bá ti rí i pa, á hù dé ìdí ẹ̀. Ibi tó mọ́ yẹn la fi ń yan oògùn. A kì í méfò."

Mo ní kó fi èyí tí wọ́n fẹ́ fún ọkọ mi hàn mí. Mo rí i, àyíká ẹ̀ mọ́ roboto. Mo ní, "Kápúsù pupa-àti-yẹ́lò ńkọ́?"

Ó fi pẹ́ńsùlù tọ́ka. Nǹkan funfun yẹn ti hù dé etí bébà náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gun orí ẹ̀. Kò sí ibi tó mọ́, kódà kó kéré bí ojú abẹ́rẹ́.

Mo ní, "Ayédèrú ni. Ayédèrú lẹ fi síbẹ̀. Èmi mọ ayédèrú."

"Kì í ṣe ayédèrú, Mà. Oògùn náà dára. Kòkòrò yìí ló ti mọ̀ ọ́n. Tí wọ́n bá ń fún kòkòrò lóògùn díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń dá a dúró kó tó kú, èyí tó bá ṣẹ́kù á ti mọ ojú oògùn yẹn. Tó bá tún rí i, kò ní sá mọ́."

"Ta ló ń dá a dúró?"

"Mi ò mọ̀, Mà. Ẹni tó ń fún wọn ni."

Mo gbé báàgì mi kúrò lórí itan, mo gbé e sílẹ̀. Agolo mílíìkì yẹn ró nínú ẹ̀. Ọmọ náà ò mọ nǹkan kan, àmọ́ mi ò lè wo ojú ẹ̀.

Mo wá rí bébà kejì tí ibi tó mọ́ lára ẹ̀ gbòòrò ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìfura mi tún jí. Mo ní, "Èyí ńkọ́? Èyí ló lágbára jù. Kí ló dé tó jẹ́ èyí kékeré lẹ fẹ́ fún ọkọ mi? Ta lẹ ń fi ńlá pamọ́ fún?"

Ó rẹ́rìn-ín, àkọ́kọ́ irú ẹ̀ látìgbà tí mo ti wọlé. Ó ní, "Mà, gbòòrò kọ́ la fi ń mọ alágbára. Oògùn kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tiẹ̀, àwọn méjèèjì ló sì pa á. Àmọ́ ẹni tí òòlù kékeré bá lè bá tún irin ṣe, kì í gbé òòlù ńlá. À ń fi ńlá pamọ́ fún ọjọ́ tí kékeré bá kọ̀. Tá a bá ti lo ńlá báyìí, tí kòkòrò bá tún mọ̀ ọ́n, kí la máa lò?"

"Sísè tó o ní o fẹ́ sè é ńkọ́?"

"Ká lè pa á ká tó dà á nù ni, Mà. Kó má baà ran ẹlòmíì."

Mo ki ọwọ́ bọ àpò, mo fa fóònù yọ, mo pe Àǹtí Ameenah.

Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ yẹn. Kíá. Mo ti rí i."

Wọ́n wá ní, "Ta nìyí?"

"Èmi ni! Àmúdàtù!"

"Hẹn-ẹ́n. Àmúdàtù ní tí Àmúdàtù bá pè, kí n má gbà."

"Àǹtí, ẹ gbọ́ mi. Mo ṣìnà ni."

"Wọ́n ti fi kàn án," wọ́n sọ ọ́ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. "Mo gbọ́ ọ lóhùn ẹ̀. Lá iláha illallóòhu!" Wọ́n pa fóònù. Mo tún pè, wọn ò gbé e mọ́. Mo ní kí Mojísọ́lá pe dókítà, dókítà ní òun ti kúnlẹ̀ fún ìyá náà, pé wọ́n na bàtà sí òun.

Mi ò lè sọ bí mo ṣe dé Sùúrùlérè. Nígbà tí mo wọ wọ́ọ̀dù, Àǹtí Ameenah jókòó ti bẹ́ẹ̀dì bí ẹ̀ṣọ́ ààfin, bàtà lọ́wọ́. Ọwọ́ Taoheed wà lórí pílò, orí ìka ìfábẹ̀lá yẹn ti ń dúdú. Kò dúdú nígbà tí mo jáde. Mo mọ̀ pé kò dúdú.

Wọ́n ní, "Dúró níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ìwọ ni lóòótọ́, kí ni mo sọ lọ́jọ́ tá a sọ Aneesah lórúkọ?"

"Ẹ ní imú ẹ̀ ti tóbi jù."

"Mo ní ta ló ni imú náà?"

"Ẹ ní èmi ni! Àǹtí, ẹ dákun!" Mo kúnlẹ̀. "Wọ́n gbìn ín lóòótọ́. Mo fojú mi rí i, ó hù. Mo rí oògùn tó pa á!"

"Yéè!" Wọ́n fò dìde. "Ó ti ń sọ bíi tiwọn!"

Mo gbọ́ ara mi. Mo gbọ́ nǹkan tó jáde lẹ́nu mi, mi ò sì mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà sọ ọ́. Mo ṣí báàgì, mo yọ agolo mílíìkì yẹn, mo da gbogbo kápúsù inú ẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ní, "Èyí ni kò pa á. Èyí tí mò ń fún un ni kòkòrò ọwọ́ ẹ̀ ń jẹ bí gúgúrú. Èmi ni mo kọ́ ọ ní jíjẹ."

Àǹtí Ameenah wo kápúsù tó ń yí nílẹ̀, wọ́n wò mí. Àyà ń já wọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àmúdàtù tí wọ́n mọ̀ kò jẹ́ da kápúsù ẹ̀ nù láé.

Taoheed ló sọ̀rọ̀. Ohùn ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. Ó ní, "Àmúdà. Ṣé o fọwọ́ sí i?"

"Mo fọwọ́ sí i."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Mo rí i."

Ó na apá òsì, ibi tí omi ń gbà wọlé, ó nà án sí Jeremy kọjá ara ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ọwọ́ tèmi ni." Dókítà ò dúró kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Kó tó di ọjọ́ kejì, ibà ti lọ. Wíwú náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lápá ẹ̀. Wọ́n rí ọwọ́ dá sí. Ìka ìfábẹ̀lá, wọ́n gé e.

Mo lọ bá Dókítà Jeremy ní yàrá kékeré yẹn. Mo bi í ní nǹkan kan ṣoṣo. Mo ní, "Ṣé ìgbà tí mo fi lọ Yábà yẹn ni?"

Ó gbé ojú sókè, ó ní, "Mà, kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ìka náà ti kú kẹ́ ẹ tó jáde níbí. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi."

Ẹ gbọ́ o. Ohùn ẹ̀ ò ṣìnà níbì kankan. Èyí tó yẹ kó sọ̀, ó sọ̀. Èyí tó yẹ kó gòkè, ó gòkè. Ọmọ tó ń pe ọyún ní oyún, ibo ló ti rí Yorùbá yẹn? Mo wò ó títí. Ó ti mọ̀ pé mo máa béèrè, ó ti lọ bá Mojísọ́lá, ó ní kó kọ́ òun ní bí òun ṣe máa sọ ọ́ kó má baà dùn mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mi ò gbà á gbọ́.

Ní ojúlé wa, àwọn náà ti ń fura sí mi. Tí wọ́n bá wá tọrọ kápúsù, mo ní kí wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò kí wọ́n mọ nǹkan tó ń ṣe wọ́n. Wọ́n ní mo ti ń fi oògùn ṣahun. Àǹtí Ameenah, títí dòní, kí wọ́n tó jẹ nǹkan tí mo bá sè, wọ́n á kọ́kọ́ bi mí léèrè ọ̀rọ̀ imú Aneesah.

Taoheed ti padà sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, tó dojú kọ tèmi. Ó ń fi ọwọ́ òsì kọ́ṣẹ́. Lánàá, ó ń tún ilẹ̀kùn mọ́tò kan ṣe, ó fi ìka òsì rìn lórí ẹ̀, ó dúró, ó tún rìn lórí ẹ̀, ó mi orí. Ó kígbe pè mí láti òdìkejì.

Ó ní, "Àmúdà, wá bá mi fi ìka tìẹ wò ó. Di ojú."

Mo nu epo kúrò lọ́wọ́ mi. Mo di ojú, mo fi ìka ìfábẹ̀lá mi rìn lórí irin náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó gbóná, ó dà bíi pé ó ń dán.

Ó ní, "Ṣé ó tẹ́?"

Mo ní, "Ó tẹ́."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

Mo la ojú. Ó ń wo ẹnu mi, ó ti gbé òòlù sọ́wọ́, nǹkan tí mo bá sọ ló máa ṣe.

Mo ní, "Kò dá mi lójú. Jẹ́ ká tún un wò."